Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Kàtúùnù Àwọn Ọmọ Wa?

Ọmọ ọdún 16 ni Ariel nígbà tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú Ursula. Ohun tó wà nínú àdéhùn náà kò ju èyí lọ: Ursula yóò sọ ìrù ẹja rẹ̀ di ẹsẹ̀ méjì, kó lè jáde kúrò nínú òkun lọ bá ọmọ ọba tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, òun náà yóò sì fi ohùn rẹ̀ san owó iṣẹ́. Ọmọ náà béèrè bí òun yóò ṣe máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ursula rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú rẹ̀ tó rẹwà ṣáà wà níbẹ̀, ìdí tó lè jù sọ́tùn-ún sósì ṣáà wà níbẹ̀, àti pé àwọn ọkùnrin orí ilẹ̀ kì í fẹ́ obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ariel fọwọ́ sí i. Ohùn rẹ̀ bá jáde lọ́nà ọ̀fun bí iná fìtílà, ó kó sínú ìkarahun tí Ursula fi kọ́rùn.

Òbí tó tọ́mọ ní Èkó tàbí Ìbàdàn láyé kásẹ́ẹ̀tì fídíò mọ fíìmù yìí. The Little Mermaid ni, ilé iṣẹ́ Disney ló gbé e jáde ní 1989, ìtàn ọmọbìnrin tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, tí ìdajì jẹ́ ẹja, irú èyí tí àwa ń pè ní màmíwọ́tà. Ẹnìkan lè ní ọ̀tá ló sọ̀rọ̀ yẹn, ta ló ń gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ọ̀tá? Òótọ́ ni. Fíìmù náà fẹ́ ká mọ̀ pé Ursula ń tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ ni. Ṣùgbọ́n ní 2016, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè méjì ní Amẹ́ríkà, Carmen Fought àti Karen Eisenhauer, jókòó ti àwọn fíìmù ọmọ ọba tí Disney ṣe, wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ tí oníkálukú sọ nínú wọn. Nínú The Little Mermaid, fíìmù tí wọ́n fi obìnrin sọ lórúkọ, tí a bá kó ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ jọ, ọkùnrin ló sọ 68 níbẹ̀.

Bàbá Ariel ń sọ̀rọ̀. Alákàn ń sọ̀rọ̀. Ẹja kékeré tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ẹyẹ òkun ń sọ̀rọ̀, ọmọ ọba ń sọ̀rọ̀, alásè ààfin tó fẹ́ fi alákàn se ọbẹ̀ náà kọrin tirẹ̀. Ọkùnrin ni gbogbo wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó tẹ̀ lé e. Nínú Beauty and the Beast, ti 1991, ọkùnrin ló ni 71 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀. Nínú Pocahontas, 76 ni. Aladdin ló wá bà á jẹ́ pátápátá: 90. Ọmọ ọba Jasmine ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, ó ní ẹkùn, ó ní ìbínú, ṣùgbọ́n bí òun bá ti dákẹ́, obìnrin mìíràn tó ń sọ nǹkan gidi nínú ìlú náà kò sí mọ́.

Èyí tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni Mulan, ti 1998. Ọmọ Ṣáínà tó gé irun rẹ̀, tó wọ aṣọ ogun bàbá rẹ̀, tó sì lọ gba orílẹ̀-èdè rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá ń wá obìnrin akọni nínú kàtúùnù, òun ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ nàka sí. Síbẹ̀, 77 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ inú fíìmù náà, ẹnu ọkùnrin ló ti jáde, dírágónì kékeré apanilẹ́rìn-ín kan tó ń jẹ́ Mushu sì sọ̀rọ̀ ju Mulan fúnra rẹ̀ lọ. Ó ṣẹ́gun, ó gba ọ̀pọ̀ ìyìn lọ́wọ́ ọba, dírágónì ló ń bá a wí ẹjọ́.

Ẹni tó bá rò pé ayé àtijọ́ ló burú, tí òde òní wá ń sàn, yóò ní láti tún èrò rẹ̀ pa, nítorí ìṣirò àwọn onímọ̀ méjì náà kò lọ bẹ́ẹ̀. Nínú Snow White and the Seven Dwarfs, tó jáde ní 1937, ìdajì ọ̀rọ̀ ni obìnrin sọ. Nínú Cinderella, ti 1950, obìnrin ló ni 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Sleeping Beauty, ti 1959, tún jù wọ́n lọ: 71. Àwọn fíìmù tí gbogbo ènìyàn ń bú pé wọ́n fi ọmọbìnrin ṣe ọmọláńgidi ni obìnrin ti ń sọ̀rọ̀ tó ọkùnrin tàbí jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí síbẹ̀, nítorí ó yẹ ká béèrè pé obìnrin wo ló ń sọ̀rọ̀. Nínú Sleeping Beauty, ọmọ ọba Aurora tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe fíìmù náà kò lò tó ogún ìṣẹ́jú lójú àwòrán. Wọ́n gbé e jó, wọ́n gbé e sùn, wọ́n fẹnu kò ó lẹ́nu, ó jí. Àwọn ìyá àgbà abàmì mẹ́ta tó ń tọ́jú rẹ̀ àti Maleficent tó ń lépa rẹ̀ ni wọ́n ń pín ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Kíka ọ̀rọ̀ nìkan kò tó, bí ó ṣe jẹ́ pé fífún ọmọbìnrin ní idà nìkan kò tó.

Kí ló fà á tí ọkùnrin fi pọ̀ tó báyìí? Ìdáhùn kan wà tí ọmọ Yorùbá lè tètè rí ju ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí ìyá àgbà bá jókòó lábẹ́ òṣùpá, tó ní ehoro kan ń lọ lọ́nà, ó wá pàdé ọ̀kẹ́rẹ́, ó sì kí i, kò sí ọmọ kan nínú àwọn tó ń gbè é lórin tó mọ̀ bóyá akọ ni ehoro tàbí abo. Èdè wa kò béèrè. “Ó” ló ń jẹ́, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Ìjàpá pàápàá, Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ló jẹ́ ká mọ̀ pé akọ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya kàtúùnù kò ní àyè yẹn. Ó gbọ́dọ̀ ya ojú, ó gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò fi ohùn sí i. Bí ìtàn bá nílò ọlọ́pàá, tàbí aláta, tàbí eṣinṣin tó kàn fẹ́ kọjá lọ, ọkùnrin ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, bí ẹni pé ọkùnrin ni ẹ̀dá, tí obìnrin wá jẹ́ irú ẹ̀dá kan.

Àmì tí wọ́n fi ń ya abo sọ́tọ̀ ló tún ń tú àṣírí. Mickey Mouse àti Minnie jọ jáde nínú Steamboat Willie ní 1928. Eku kan náà ni wọ́n. Fi irun ìpéǹpéjú gígùn sí eku náà, fi nǹkan lé e lórí, wọ síkẹ́ẹ̀tì sí i nídìí, ó di Minnie. Kò sí ohun tí wọ́n fi kún Mickey kó tó di akọ.

Òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Katha Pollitt, fún àṣà yìí lórúkọ ní 1991. Ó fi orúkọ Smurfette pè é. Àwọn Smurf ni àwọn ènìyàn kúńkúrú aláwọ̀ búlúù tí ayàwòrán ará Belgium tó ń jẹ́ Peyo dá sílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ọ̀kan jẹ́ ọ̀lẹ, ọ̀kan lágbára, ọ̀kan kì í yé ṣẹ̀fẹ̀. Smurfette, tó dé ní 1966, iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó jẹ́ obìnrin. Ìtàn bí ó ṣe dé pàápàá kò dára létí: oṣó Gargamel ló mọ ọ́n láti fi dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin abúlé náà. Irun dúdú ló ní nígbà yẹn, wọn kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà tí bàbá wọn fi oògùn sọ irun rẹ̀ di pupa bí àgbàdo ni gbogbo wọn wá ń kú lé e.

Ẹ má rò pé èyí ti di ìtàn. Nígbà tí Paw Patrol, eré tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ń wò lónìí, bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ajá mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan jẹ́ ọlọ́pàá, ọ̀kan panápaná, ọ̀kan ń kọ́lé, ọ̀kan ń tún pàǹtí lò, ọ̀kan ń gba ènìyàn là lójú omi, Skye sì ń fò. Skye nìkan ni abo láàárín wọn, aṣọ rẹ̀ sì jẹ́ píǹkì. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó mú abo mìíràn wá kún un.

Òṣèré Hollywood kan, Geena Davis, ló jókòó wo tẹlifíṣọ̀n ọmọdé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìṣirò náà kò bá a lára mu, ó sì dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní 2004 tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tí àwọn olùwádìí rẹ̀ rí nínú fíìmù ẹbí tó tà jù ni pé bí obìnrin kan bá ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin mẹ́ta tó ń sọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Èyí tó le jù ni ti èrò ọjà, àwọn tó kàn ń kọjá lẹ́yìn, tí wọn kò ní orúkọ tí wọn kò sì ní ọ̀rọ̀: obìnrin kò ju 17 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ. Ọjà wo ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ya irú èrò bẹ́ẹ̀? Dájúdájú kì í ṣe Ọjà Ọba, kì í ṣe Balógun.

Bí a bá wá wo àwọn obìnrin tó dàgbà, ó di pé kí a máa ka òkú. Ìyá Snow White ti kú. Ìyá Cinderella ti kú. Ìbọn pa ìyá Bambi ní 1942, ẹja ńlá pa ìyá Nemo ní 2003 kí fíìmù tó mú ẹsẹ̀. Ìyá Ariel kò hàn, ìyá Belle kò hàn, ìyá Jasmine kò hàn, kò sì sí ẹni tó béèrè wọn. Àwọn tó ń kọ ìtàn ní ìdí tiwọn: ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà nílé kò níí rí àyè wọ inú igbó lọ ṣàgbákò. Ṣùgbọ́n àyè tí ìyá fi sílẹ̀ kì í ṣófo. Ìyàwó bàbá ló máa ń jókòó síbẹ̀.

Ọlọ́kan-ò-jọ̀kan ni àwọn obìnrin búburú wọ̀nyí, ká má purọ́, àwọn náà ni wọ́n sì máa ń dùn ún wò jù. Ayaba tó ń bi dígí léèrè ọ̀rọ̀. Lady Tremaine tó ń jókòó nínú òkùnkùn, tí ojú rẹ̀ nìkan ń dán bí ojú ológbò. Maleficent tó di dírágónì. Òṣèrébìnrin kan ṣoṣo, Eleanor Audley, ló fi ohùn sí Tremaine àti Maleficent, ohùn náà sì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní pariwo kí ọmọdé tó sá sẹ́yìn àga. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n ní agbára, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọn kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́. Nínú Tangled, ti 2010, gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ Mother Gothel ló bẹ̀rẹ̀ láti orí pé kò fẹ́ darúgbó. Ọmọbìnrin tó bá wo wọ́n tẹ̀ léra yóò mọ̀ pé ọdún 16 ló dùn, pé ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣe é fojú rí.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ àlọ́ dàgbà lè sọ pé ṣebí tiwa náà kún fún orogún àti ìyálé òǹrorò. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ òrukàn tí wọ́n rán lọ sódò kó lọ wá ìgbakọ tí omi gbé lọ, ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ẹni tí ọmọ náà ń bá pàdé lọ́nà. Arúgbó obìnrin ni, egbò lè wà lára rẹ̀, aṣọ rẹ̀ lè ti gbó, ọmọ tó bá bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ló ń fún ní igbá tí ọrọ̀ wà nínú rẹ̀. Nínú àlọ́ wa, arúgbó lè jẹ́ ewu, ó sì lè jẹ́ ibodè ọlà. Ọmọ ni yóò lo ọgbọ́n mọ èyí tó jẹ́. Disney náà ní ìyá abàmì tó fún Cinderella ní ọkọ̀ elégédé, ó sì ní Tala, ìyá àgbà Moana nínú fíìmù ti 2016, tó ń jó létí òkun tí kò bìkítà ohun tí ìlú ń sọ. Wọn ò kàn pọ̀ ni.

Àwọn wo ló wá ń ya gbogbo àwòrán yìí? Níbi tí ìtàn náà ti dùn jù nìyí.

Fíìmù kàtúùnù gígùn tó pẹ́ jù lọ tó ṣì wà láyé títí dòní, obìnrin ló ṣe é. Lotte Reiniger ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Jámánì. Bébà dúdú ni ó fi sísọ́ọ̀sì gé, ó gbé e lé orí dígí tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń sún un díẹ̀díẹ̀, ó ń ya fọ́tò rẹ̀, ọdún mẹ́ta gbáko. The Adventures of Prince Achmed jáde ní 1926, ọdún mọ́kànlá kí Snow White tó jáde. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà ṣe di òwò ńlá ní Amẹ́ríkà ni ilẹ̀kùn ń tì. Ní 1938, ọ̀dọ́mọbìnrin kan kọ̀wé wáṣẹ́ sí Disney. Lẹ́tà tí wọ́n fi dá a lóhùn ní àwòrán Snow White lórí, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé obìnrin kì í ṣe iṣẹ́ ìrònú àti ìyàwòrán níbẹ̀, pé ọ̀dọ́kùnrin ló ń ṣe é, pé ohun tí obìnrin lè rí ṣe ni kó fi yíǹkì tẹ ipa ohun tí ọkùnrin ti yà, kó sì fi ọ̀dà kún un. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọbìnrin ló jókòó tẹ̀ lé ara wọn ní ẹ̀ka yẹn, tí wọ́n ń kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Snow White ní àwọ̀. Àwọn díẹ̀ bíi Mary Blair, tí àwọ̀ tó yàn hàn gbangba nínú Cinderella, rí ọ̀nà gbà yọ.

Obìnrin kò kọ odidi fíìmù kàtúùnù fún Disney títí Linda Woolverton fi kọ Beauty and the Beast. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nínú ohun tó kọ, Belle ń fi àmì sí ara máàpù, sí gbogbo ibi tó fẹ́ dé láyé. Nígbà tí àwọn ayàwòrán dá iṣẹ́ padà fún un, Belle ti wà ní ilé ìdáná, ó ń ṣe kéèkì lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn. Àwọn ayàwòrán ní ìwé kíkà jẹ́ nǹkan ìjókòó lásán, kò ṣe é wò. Woolverton ní kí ó máa rìn kí ó sì máa kàwé. Báyìí ni ọmọbìnrin tó ń gba àárín ọjà kọjá tí ojú rẹ̀ kò kúrò nínú ìwé ṣe wọ inú kàtúùnù, ó jẹ́ ibi tí wọ́n parí àríyànjiyàn sí.

Ilé iṣẹ́ kàtúùnù Pixar náà kò yára. Láti Toy Story ní 1995, fíìmù méjìlá ló ṣe kí ọmọbìnrin tó jẹ́ ẹni pàtàkì inú ìtàn. Brave ni ìkẹtàlá, ní 2012. Brenda Chapman ló rò ó láti inú bí òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ṣe ń bá ara wọn fà á, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí Pixar gbé fíìmù lé lọ́wọ́. Àárín iṣẹ́ ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún ọkùnrin. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀ ṣá, nígbà tí fíìmù náà sì gba Oscar ní 2013, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn fíìmù kàtúùnù gígùn tó dára jù. Ẹni tó bá wo Brave yóò rí nǹkan tó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀: ìyá tó wà láàyè. Ìyá náà di béárì, òun àti ọmọ rẹ̀ bá ara wọn jà, wọ́n sì parí rẹ̀, kò sí ọkọ tó kan ọ̀ràn náà. Obìnrin ló sọ 74 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀.

Inú ọdún tó gba Oscar yẹn gan-an ni ẹ̀ka ọjà Disney yọ Merida, ọmọ inú Brave, jáde ní aṣọ tuntun. Wọ́n dín ìbàdí rẹ̀ kù, wọ́n fa ọrùn aṣọ rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n dẹ irun ṣákaṣàka orí rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n gba ọrun àti ọfà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó fi gbogbo fíìmù bá ìyá rẹ̀ jà nítorí irú aṣọ bẹ́ẹ̀! Ó lé ní 200,000 ènìyàn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú, Chapman náà sọ̀rọ̀ líle sí i, Disney sì yọ àwòrán náà kúrò.

Ibi tí owó ti ń wọlé ló ń ṣàlàyé èyí. Ní nǹkan bí ọdún 2000, ọ̀gá kan ní Disney tó ń jẹ́ Andy Mooney lọ wo eré ìdárayá orí yìnyín, ó rí àwọn ọmọbìnrin tí ìyá wọn rán aṣọ ọmọ ọba fún, tí kò sí èyí tí Disney tà nínú rẹ̀. Ó padà sí ọ́fíìsì, ó kó gbogbo ọmọ ọba inú fíìmù jọ sábẹ́ orúkọ kan, ọjà bá bẹ̀rẹ̀. Aṣọ, báàgì ilé ìwé, kọ́ọ̀pù, búrọ́ọ̀ṣì ìfọnu. Ohun tó wà lára báàgì kì í sọ̀rọ̀, ẹwà nìkan ló lè fi hàn. Àwọn oníṣòwò kan náà tún ń bẹ̀rù pé ọmọkùnrin kò ní wo fíìmù tó bá jọ ti ọmọbìnrin. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi pe fíìmù Rapunzel ní Rapunzel, tí wọ́n pè é ní Tangled.

Frozen ló tú wọn láṣìírí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Elsa, ẹ̀gbọ́n inú ìtàn náà, ni ọ̀tá, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin alágbára tó ti wà ṣáájú rẹ̀. Orin tí wọ́n kọ fún un ló yí wọn lọ́kàn padà, torí àwọn tó gbọ́ ọ rí i pé ẹni tó ń kọ irú orin yìí kì í ṣe ẹni burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. Wọ́n tún ìtàn kọ. Jennifer Lee, obìnrin àkọ́kọ́ tó darí fíìmù gígùn ní ẹ̀ka kàtúùnù Disney, ló kọ ọ́, òun àti Chris Buck ni wọ́n jọ darí rẹ̀. Ó jáde ní 2013, ó pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ, àwọn ọmọkùnrin náà sì wò ó láìkú. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ìṣirò Fought àti Eisenhauer: nínú fíìmù ẹ̀gbọ́n àti àbúrò obìnrin yìí, obìnrin kò sọ ju 41 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ lọ. Ìgalà inú fíìmù náà tí kì í sọ̀rọ̀ pàápàá, ọkùnrin ló ń bá a sọ tirẹ̀.

Ní 2022 ni Turning Red wá jáde, Domee Shi sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó dá darí fíìmù gígùn ní Pixar. Mei, ọmọ ọdún 13, di ẹranko pupa ńlá nígbàkígbà tí ìmọ̀lára rẹ̀ bá le. Ìyá rẹ̀ gbọ́ igbe nínú ilé ìwẹ̀, ó rò pé nǹkan oṣù ọmọ náà ló dé, ó sì kó páàdì wá. Àwọn òbí kan ní kí ni irú èyí ń ṣe nínú kàtúùnù. Àwọn ìyá mìíràn rẹ́rìn-ín dé ibi omijé.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú gba ojú ewé tirẹ̀. Ọdún 2009 ni Disney tó ṣe ọmọ ọba dúdú àkọ́kọ́, Tiana, nínú The Princess and the Frog, ní New Orleans láyé ọdún 1920 sí 1930. Òṣìṣẹ́ aláápọn ni, ó ń fi owó pamọ́ láti ṣí ilé oúnjẹ. A fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn ibẹ̀ ni pé kò pẹ́ tó fi di ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀pọ̀lọ́ ló sì jẹ́ ní apá tó pọ̀ jù nínú fíìmù náà. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ wọn lọ wo obìnrin tó jọ wọ́n lọ wo ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ ewé. Ẹ fi wé Hair Love, fíìmù ìṣẹ́jú mélòó kan tí Matthew Cherry ṣe, tó gba Oscar ní 2020, níbi tí bàbá kan ti ń bá irun ọmọbìnrin rẹ̀ wọ̀yá ìjà. Irun náà kò di nǹkan mìíràn. Irun ni.

Ìtàn wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti kan gbọ̀ngbọ̀n ìtàgé yìí tipẹ́. Ọmọ tó bá ń gbọ́ Faransé ní Cotonou tàbí Lomé lè wo Kirikou et la sorcière, fíìmù tí Michel Ocelot, ọmọ Faransé tó dàgbà ní Guinea, ṣe ní 1998. Dakar ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, Youssou N'Dour ló ṣe orin rẹ̀. Karaba ni àjẹ́ tó ń fìyà jẹ abúlé, ó sì bani lẹ́rù gan-an. Kirikou kékeré kò béèrè bí wọn yóò ṣe pa á. Ó béèrè ìdí tó fi burú. Ìdáhùn náà ni pé àwọn ọkùnrin kan ló gún ẹ̀gún sí i lẹ́yìn, tí ìrora rẹ̀ kò sì jẹ́ kó sinmi rí. Kirikou fi eyín yọ ọ́. Nínú gbogbo àwọn obìnrin búburú tí a ti kà sẹ́yìn, ta ló bi wọ́n léèrè rí? Ó ṣeni láàánú pé ohun tí àwọn oníṣòwò kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà rí nínú fíìmù náà ni pé ọmú àwọn obìnrin abúlé wà níta.

Nílé wa, Adamu Waziri ní Àbújá ti ń fi Bino and Fino kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké: tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọkùnrin kan, obìnrin kan, tí wọ́n jọ ń béèrè ìbéèrè. Lady Buckit and the Motley Mopsters, kàtúùnù gígùn tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà tó jáde ní 2020, dá lé ọmọbìnrin kan ní Oloibiri. Ní Zambia, Malenga Mulendema dá Supa Team 4 sílẹ̀, àwọn ọmọbìnrin Lusaka tó ń gba ìlú wọn là. Iwájú wá dé ní 2024, iṣẹ́ tí Disney àti ilé iṣẹ́ Kugali jọ ṣe lórí Èkó ọjọ́ iwájú. Tọ́lá ni ọmọ náà ń jẹ́, ọmọ olówó erékùṣù, tí gbogbo ènìyàn ń ṣọ́ bí ẹyin. Ohun tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé Tọ́lá jẹ́ aláìmọ̀kan, aláyọnusọ àti onínúure pa pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ gidi. Ẹni tó bá fẹ́ wá ẹ̀sùn lè sọ pé Kọ́lé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin, ni wọ́n ṣì fún ní ọgbọ́n ẹ̀rọ.

Ṣé ó tilẹ̀ ń ṣe ọmọ ní nǹkan kan? Sarah Coyne, ní Brigham Young University ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé ọmọ 198 tí wọn kò tíì tó ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àbájáde tó gbé jáde ní 2016 ni pé àwọn tó fẹ́ràn àwọn ọmọ ọba Disney jù, lẹ́yìn ọdún kan, ni wọ́n túbọ̀ ń yan eré tí ayé pè ní ti obìnrin. Ìwé ìròyìn gbé e kiri. Ní 2021, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà wá pẹ̀lú ìwádìí mìíràn lórí àwọn ọmọ tó ti dàgbà sí i: àwọn tó fẹ́ràn ọmọ ọba ní kékeré ló wá ń ní èrò tó gbòòrò nípa ohun tí ọkùnrin àti obìnrin lè ṣe. Ìwé ìròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ pariwo ti ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ó ku ọ̀kan tó yẹ kí ọmọ Yorùbá wá wò. Nínú Kizazi Moto: Generation Fire, àkójọ kàtúùnù kúkúrú láti Áfíríkà tó jáde ní 2023, Shofela Coker, ọmọ Nàìjíríà, ṣe ọ̀kan tó pè ní Moremi. Gbogbo ilé ló mọ ìtàn àtijọ́: Mọ́remí jẹ́ kí àwọn Ùgbò kó òun lẹ́rú, ó di aya nílé ọba wọn, ó wádìí àṣírí aṣọ koríko wọn, ó sá padà, ó sì ròyìn ní Ifẹ̀. Obìnrin tí gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú etí àti ẹnu. Bó bá jẹ́ Mọ́remí ló ta ohùn rẹ̀ fún Ursula, ta ni ìbá ròyìn fún Ifẹ̀? Owó tí odò tó bẹ̀ kó tó lọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni ìtàn sì máa ń parí sí fún ọmọ náà.

Ibẹ̀ ni Coker ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Luo, tí wọ́n ti fi rúbọ kí ìlú lè là, ń dá rìn kiri bí ẹ̀mí, ó ń wá ọkàn rẹ̀. Mọ́remí tó wá bá a kì í ṣe ayaba. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, ó ti dàgbà, ó sì padà wá mú un.